Computer Science ní yunifásítì: níbo gan-an ló ti le?

Àkàndé_tuntun:
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìwé ìgbaniwọlé fún Computer Science ti jáde, ìforúkọsílẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Ẹnu àwọn èèyàn kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní iṣẹ́ olórí pípé nìkan ni, àwọn mìíràn ní kò ju kéèyàn mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ lọ. Ìbéèrè mi nìyí: apá ibo ló le jù? Ẹni tí kò kọ kóòdù rí, ṣé yóò lè bá wọn débẹ̀? Irú láptọ́ọ̀pù wo ló tó? Kí ló yẹ kéèyàn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kù kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ọwọ́ lè ṣe ni mo fẹ́ gbọ́.

Tíṣà_Ìṣirò:
Káàbọ̀, àbúrò. Ìṣirò ló le jù, ó sì máa ń dé kí kọ̀ǹpútà tó dé. Wo kọ́ọ̀sì ọdún kìíní ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa: MTH 101 tó dá lórí áljẹ́brà àti trigonometry, MTH 102 tó dá lórí calculus, PHY 101, PHY 102, GST (ẹ̀kọ́ gbogbogbòò) lóríṣiríṣi. Kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ní sáà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá nítorí kóòdù yóò bá complex number pàdé, yóò ní òun máa sáré kà á bí ìdánwò bá kù díẹ̀. Ibẹ̀ ni CGPA, ìyẹn àròpín máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì, ti ń jò.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Lórí òdiwọ̀n 5, A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, E jẹ́ 1, F jẹ́ òdo. Ká ní yúníìtì 18, ìyẹn àpapọ̀ ìwọ̀n àwọn kọ́ọ̀sì rẹ, lo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní sáà kìíní. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ A, àmì 90 nìyẹn; pín in sí 18, ó di 5.00. Bí kọ́ọ̀sì ìṣirò oníyúníìtì 3 kan ṣoṣo bá já sí F, àmì 15 ti lọ. Kódà kí gbogbo èyí tó kù jẹ́ A, 75 pín sí 18 kò ju 4.17 lọ, ẹnu ọ̀nà First Class sì wà ní 4.50. Carryover rẹ̀, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí o gbọ́dọ̀ tún ṣe, yóò tún dúró dè ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì lè kọlu kọ́ọ̀sì ọdún kejì lórí tábìlì àkókò, kí méjèèjì bọ́ sí ago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan náà.

Nítorí náà, bí ó ṣe yẹ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ lọ nìyí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, indices, logarithm àti surds. Ọ̀sẹ̀ kejì, quadratic àti inequality. Ẹ̀kẹta, trigonometry, rí i pé o lè fa sine àti cosine yọ láìwo ìwé. Ẹ̀kẹrin, function àti gíráàfù rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, set àti ìpìlẹ̀ nọ́ńbà. Ẹ̀kẹfà, limit àti ìbẹ̀rẹ̀ differentiation. Ìbéèrè mẹ́wàá lójúmọ́, pẹ̀lú bírò lórí ìwé.

Má ka ìṣirò bí ìwé ìròyìn. Ẹni tó ń ka àpẹẹrẹ tí wọ́n ti yanjú máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, torí pé ojú rẹ̀ gba ìlà kọ̀ọ̀kan wọlé. Bo ojútùú náà mọ́lẹ̀, ṣe é láti òkè délẹ̀. Ibi tí o bá há sí ni iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ náà.

Ìyá_Kóòdù:
Òótọ́ lẹ sọ, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti kóòdù.

Àkàndé, ẹni tí kò kọ kóòdù rí yóò débẹ̀ dáadáa, nítorí láti òdo ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú ni pé ẹ̀kọ́ kan gun orí èkejì. Variable (orúkọ tí a fún iye) ló ń gbé if (àṣẹ ìpinnu), if ló ń gbé lúùpù (àṣẹ tó ń yí léraléra), lúùpù ló ń gbé array (ọ̀wọ́ iye tí a tò sábẹ́ orúkọ kan), array ló ń gbé gbogbo nǹkan tí wọn yóò kọ́ yín lọ́dún kejì. Ẹni tí lúùpù kò yé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún yóò jókòó sí kíláàsì array ní ọ̀sẹ̀ keje bí àlejò. Ẹ̀kọ́ míì wà tí èèyàn lè fo orí kan níbẹ̀ kó sì yege. Kóòdù kò gba ìyẹn.

Àwọn àṣìṣe tó ń já àmì jù nìyí, mọ̀ wọ́n lórúkọ kó o tó bá wọn pàdé.

Ní Python, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ kóòdù:

a = input()
b = input()
print(a + b)

Tẹ 2, tẹ 3, yóò kọ 23 fún ọ. Bí ọ̀rọ̀ ni input ṣe ń gba ohun tí o tẹ̀, ó kàn so wọ́n pọ̀ ni. Kọ int(input()) kó tó lè rò wọ́n pọ̀ di 5.

Ní C, èdè mìíràn, 5/2 jẹ́ 2, nítorí odidi pín sí odidi kò ní ìdá. Bí o bá ń wá àròpín máàkì, kọ 5.0/2. Bákan náà, if (x = 5) kì í béèrè bóyá x jẹ́ 5; ṣe ló ń fi 5 sínú x, ìdáhùn yóò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nígbà gbogbo. Àmì méjì, ==, ni ìbéèrè. Array tí o fún ní ààyè 10 bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó parí sí 9. Bí lúùpù rẹ bá sọ pé i <= 10, ìgbà mọ́kànlá ló máa yí, ó ti wọ ilé onílé. C kì í pariwo nígbà míì. Yóò kàn mú ìdọ̀tí jáde bí ìdáhùn, ìwọ yóò sì máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí.

Ìdánwò ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, orí ìwé lẹ máa kọ kóòdù sí. Kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò fi ìlà pupa hàn ọ́. Ohun tó ń gbani níbẹ̀ ni tábìlì ìtọpasẹ̀. Wo èyí:

s = 0
for i in range(1, 5):
    s = s + i
print(s)

Fa ìlà méjì, i lápá òsì, s lápá ọ̀tún. Nígbà tí i jẹ́ 1, s di 1. Nígbà tó jẹ́ 2, s di 3. Ní 3, s di 6. Ní 4, s di 10. Ó parí, ìdáhùn jẹ́ 10. Àwọn tó fi orí rò ó máa ń kọ 15, nítorí wọ́n kó 5 mọ́ ọn. range kì í dé òpin rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ ètò kan sórí ìwé láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, tẹ̀ ẹ́ bó o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó o ka iye àṣìṣe tó jáde. Kọ iye náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Bó bá ń dín kù láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọ̀nà tó dáa lo wà.

Àkàndé_tuntun:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Èdè wo ni kí n kọ́kọ́ dì mú, Python tàbí C?

Ìyá_Kóòdù:
Èyí tí ẹ̀ka yín fi ń kọ́ni. Bi àwọn ọmọ ọdún kejì. Bí o kò bá rí ẹni bi, Python. Má ṣe kọ́ méjì pọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n_C:
Ẹ má bínú, mà, mi ò gbà pátápátá. Bí ẹ̀ka bá máa dé C lọ́dún kejì, kí ó fojú kan C tètè, nítorí Python bo mẹ́mórì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iye sí) mọ́lẹ̀, pointer (ohun tó ń di àdírẹ́sì inú mẹ́mórì mú) ni wọ́n sì fi ń já àwọn ọmọ ọdún kejì kulẹ̀.

Pointer kò le tó ariwo rẹ̀. Ilé kan wà, àdírẹ́sì ilé náà sì wà. Tí o bá fún ẹnì kan ní bébà tí o kọ àdírẹ́sì sí, ilé kọ́ lo gbé fún un, ṣùgbọ́n ó lè fi bébà yẹn dé ilé náà kó sì tún un kùn.

int x = 7;
int *p = &x;
*p = 9;

x ti di 9, bẹ́ẹ̀ a ò fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀. &x ni àdírẹ́sì, p ni bébà, *p ni ilé tí bébà náà júwe. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn kọ int *p; kó sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú *p = 9; nígbà tí kò tíì kọ àdírẹ́sì kankan sórí bébà. Ìdọ̀tí tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa tọ̀ lọ, ibẹ̀ ni segmentation fault, àṣìṣe tó ń dá ètò dúró, ti ń jáde. Ohun kan náà ló fa àṣìṣe scanf("%d", x): scanf, tó ń gba ohun tí a tẹ̀, ń béèrè àdírẹ́sì, iye inú ilé lo gbé fún un. &x ló yẹ kó jẹ́.

Ya àpótí. Gbogbo ìbéèrè pointer, ya àpótí àti ọfà kó o tó dáhùn.

Ìyá_Kóòdù:
Mo gbà fún ẹ lórí àpótí àti ọfà. Lórí èyí tó yẹ kó ṣáájú, mo ṣì dúró síbi tí mo wà: ẹni tó ń bá semicolon jà kò ní ráyè fún ìrònú.

Àpò_Báítì:
Kò sẹ́ni tó tíì ṣàlàyé ìpìlẹ̀ nọ́ńbà (number base), bẹ́ẹ̀ òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò. Ọmọ Yorùbá kò yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀. Ogún la fi ń kà: ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin. Márùndínlógójì, ìyẹn 40 tí a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó lè ka owó bẹ́ẹ̀ ti ń yí ìpìlẹ̀ nọ́ńbà padà láti kékeré.

Wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà. Ó ní ẹyọ mẹ́jọ, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Ìkọ̀ọ̀kan lè ṣí inú tàbí kó dojú dé, ọ̀nà méjì péré. Apá kan lè jáde ní ọ̀nà 16, apá méjèèjì di 16 lọ́nà 16, ìyẹn 256, iye odù Ifá. Báítì kan nínú kọ̀ǹpútà ní bíìtì mẹ́jọ, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, ó sì lè gba iye 256, láti 0 dé 255. Ìṣirò kan náà ni. Ẹni tó bá lóye ìdí tí odù fi jẹ́ 256 kò ní gbàgbé 2⁸, ìyẹn 2 mẹ́jọ tí a sọ di púpọ̀ fún ara wọn, mọ́.

Bí a ṣe ń yí 13 padà sí ìpìlẹ̀ 2: 13 pín sí 2, ó jẹ́ 6, ó ku 1. 6 pín sí 2, ó jẹ́ 3, ó ku 0. 3 pín sí 2, ó jẹ́ 1, ó ku 1. 1 pín sí 2, ó jẹ́ 0, ó ku 1. Ka àṣẹ́kù láti ìsàlẹ̀ sókè: 1101. Ẹni tó bá kà á láti òkè yóò kọ 1011, ìyẹn 11, àmì ti lọ nìyẹn.

Fún nọ́ńbà òdì, ká mú −5 nínú bíìtì mẹ́jọ: kọ 5, 00000101. Yí gbogbo rẹ̀ padà, 11111010. Fi 1 kún un, 11111011. Ìgbésẹ̀ tí wọ́n máa ń gbàgbé ni fífi 1 kún un. Ọ̀nà yìí mú kí báítì kan gba láti −128 dé 127. Bí o bá fi 1 kún 127, −128 ni bíìtì mẹ́jọ náà ń kà.

Tíṣà_Ìṣirò:
Ẹ ṣé fún ìyẹn. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un lórí ọgbọ́n orí inú ìṣirò kọ̀ǹpútà, ìyẹn discrete structures, tó máa ń dé lọ́dún kejì. Gbólóhùn náà "bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á tutù" jẹ́ irọ́ níbi kan péré: òjò rọ̀, ilẹ̀ gbẹ. Bí òjò kò bá rọ̀ tí ilẹ̀ tutù, gbólóhùn náà ṣì jẹ́ òtítọ́, ẹnì kan lè ti da omi síbẹ̀. Ìlà yìí ni ìdajì kíláàsì máa ń kọ F (irọ́) sí nínú tábìlì òtítọ́.

Lórí induction, ọ̀nà ìfìdí òtítọ́ múlẹ̀ fún gbogbo nọ́ńbà, dídán 1, 2, 3 wò kì í ṣe ẹ̀rí. Fi hàn pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún 1. Gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún k. Fi èyí tí o gbà yẹn fà á dé k+1. Bí o kò bá lo ohun tí o gbà ní ìgbésẹ̀ kejì nínú ìgbésẹ̀ kẹta, o kò tíì ṣe nǹkan kan, olùmáàkì yóò sì rí i.

Ọlọ́pọ́n:
Àwọn èèyàn máa ń béèrè ètò tí wọ́n lè fi dánra wò tí kò ní jẹ́ calculator tí gbogbo ayé ń ṣe. Ẹ kọ ayò ọlọ́pọ́n. Ojú ilé 12, ọmọ ayò 4 nínú ìkọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Array gan-an nìyẹn. Ibi tí a bá ti ń gbìn ni ọgbọ́n wà, torí pé lẹ́yìn ilé tó kẹ́yìn, a padà sí ti àkọ́kọ́ ni.

oju = [4] * 12

def gbin(oju, i):
    owo = oju[i]
    oju[i] = 0
    while owo > 0:
        i = (i + 1) % 12
        oju[i] = oju[i] + 1
        owo = owo - 1
    return i

Bẹ̀rẹ̀ láti ilé 10: ọmọ mẹ́rin yóò bọ́ sí 11, 0, 1 àti 2. Àmì % 12 ló ń dá wa padà sí 0. Yọ ọ́ kúrò, Python yóò sọ pé ilé 12 kò sí.

Báyìí ni kí o ṣe mọ̀ bóyá ètò rẹ tọ̀nà: lẹ́yìn gbogbo gbígbìn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni jẹ, sum(oju) gbọ́dọ̀ jẹ́ 48. Gbé ìlà oju[i] = 0 sí ìsàlẹ̀ lúùpù kó o wò ó. i ti yí padà nígbà náà, ilé tó kẹ́yìn ló máa sọ di òfo, èyí tí o kó ọmọ inú rẹ̀ yóò ṣì ní mẹ́rin. Àpapọ̀ yóò jẹ́ 47. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan yẹn ni yóò sọ fún ọ pé nǹkan ti bàjẹ́. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni kí o máa wá fún gbogbo ètò tí o bá kọ: iye kan tí kò gbọ́dọ̀ yí padà.

Bí o bá fẹ́ kí ẹni tó ń ta lè dá ọwọ́ rẹ̀ padà, má kọ atijo = oju. Orúkọ kejì fún ọpọ́n kan náà nìyẹn, bí èkínní bá yí, èkejì yí. oju.copy() ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n iṣẹ́ ètò, èyí tí wọ́n ń kọ ní O ńlá. Má há a sórí, kà á. Bí orúkọ 1,000,000 bá wà nínú ìwé, tí o ń wá ẹnì kan láti ojú ewé kìíní, ó lè gbà ọ́ ní ìwò 1,000,000. Bí wọ́n bá ti to orúkọ náà ní álífábẹ́ẹ̀tì, ṣí àárín, mọ ìdajì tó wà, tún ṣí àárín ìdajì yẹn. Ìwò 20 péré, ó parí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ti tò ó. Ẹni tó bá lo ọ̀nà yìí, binary search, lórí ohun tí wọn kò tò yóò gba ìdáhùn tí kò nítumọ̀. Títò náà ní iye tirẹ̀: bubble sort, ọ̀nà títò kan, lórí orúkọ 10,000 lè fi nǹkan wé nǹkan nígbà 49,995,000. Merge sort, ọ̀nà títò mìíràn, kò tó 140,000.

Adájọ́_Láptọ́ọ̀pù:
Lórí ẹ̀rọ. Àbúrò, RAM (mẹ́mórì iṣẹ́) 8GB, SSD (ibi ìpamọ́ tó yára) 256GB, Core i5 ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi sọ ìran kẹjọ ni pé ibẹ̀ ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba Intel, ìtọ́jú Windows 10 sì ti dópin ní oṣù kẹwàá 2025. Bí owó kò bá tó, èyí tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lè gbé Linux Mint tàbí Ubuntu, yóò sì ṣe gbogbo iṣẹ́ ọdún méjì àkọ́kọ́. 4GB tó fún Python àti C; kò ní gbé Android Studio, ètò tí a fi ń kọ áàpù fóònù. Má ra èyí tó ní hard disk àtijọ́ láìfi owó SSD sí ìṣirò rẹ.

Bí o bá ń ra tòkunbọ̀, má tíì san owó kí o tó ṣe ìwọ̀nyí. Ṣí Command Prompt, tẹ powercfg /batteryreport. Yóò ṣe ìwé kan, yóò sì sọ ibi tó gbé e sí. Ṣí i, wá DESIGN CAPACITY àti FULL CHARGE CAPACITY. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 mWh tí ti èkejì jẹ́ 20,000, bátìrì náà ti ku ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, bí NEPA bá mú iná lọ kò ní pẹ́ kó tó kú. Yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè é. Pa á, tàn án padà, tẹ F2 tàbí F10 tàbí Esc kó o wọ BIOS (ojú ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ): bí ó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wá láti ọ́fíìsì, àwọn kan ṣì wà ní títì. Tẹ gbogbo bọ́tìnì lẹ́yọ lẹ́yọ. Ṣí ìdérí rẹ̀, pa á dé, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kó o gbọ́ bóyá àgbékọ́ (hinge) rẹ̀ ń ké.

Bí láptọ́ọ̀pù kò bá tíì sí, má jókòó lásán. Pydroid 3 lórí fóònù Android yóò gbé Python, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà lẹ́yìn tí o bá ti gbé e wọlé. Termux náà wà fún ẹni tó fẹ́ mọ Linux àti C. Fóònù kò dáa fún ètò tó gùn ju ojú ewé kan lọ, ṣùgbọ́n lúùpù kò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbà lọ́wọ́ mi: ẹ pa iṣẹ́ yín mọ́ síbi mẹ́ta. Láptọ́ọ̀pù, fúláàṣì, àti GitHub (ibi ìpamọ́ kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tàbí irú ibẹ̀. Git add, git commit, git push, ní alaalẹ́, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ̀rọ_Ata:
Ọdún kẹta ńkọ́? Operating systems (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), compiler (ètò tó ń túmọ̀ kóòdù sí èdè ẹ̀rọ), automata (ìmọ̀ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣírò). Ìwọ̀nyí kò béèrè kóòdù tó pọ̀, ìrònú ni wọ́n ń béèrè, àwọn tó mọ kóòdù dáadáa sì máa ń ṣubú níbẹ̀ nítorí wọ́n rò pé ọwọ́ yíyá tó.

Mú scheduling, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń to iṣẹ́ tí yóò ṣáájú. Èèyàn mẹ́ta wà lórí ìlà níwájú ẹ̀rọ ata. Ata ti àkọ́kọ́ yóò gba ìṣẹ́jú 10, ti èkejì 2, ti ẹ̀kẹta 3. Bí a bá lọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe dé, àkọ́kọ́ dúró fún 0, èkejì fún 10, ẹ̀kẹta fún 12. Àpapọ̀ 22, àròpín 7.33. Bí a bá fi kékeré ṣáájú, ìdúró jẹ́ 0, 2 àti 5, àròpín 2.33. Ṣùgbọ́n bí aláta kékeré kò bá yéé dé, ẹni ìṣẹ́jú 10 kò ní kan ẹ̀rọ láéláé, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní starvation. Ìdánwò máa ń béèrè méjèèjì, iye àti ewu rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kíka àkókò lílọ̀ mọ́ àkókò ìdúró.

Automata ni kí ẹ fún ní àkókò jù. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí Alan Turing fi hàn ní 1936, pé kò sí ètò kan tó lè wo gbogbo ètò kó sì sọ bóyá wọn yóò dúró tàbí wọn yóò máa yí lọ títí. Ẹni tó bá ti lóye ìmọ̀ ẹ̀rí láti ọwọ́ Tíṣà lọ́dún kejì yóò gbádùn rẹ̀.

Alábòójútó_IT:
SIWES, ìyẹn iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe ní iléeṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì oṣù mẹ́fà ni, àwọn kan ti pín in sí méjì báyìí. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú. Bèèrè ohun tí wọn yóò fún ọ ṣe kó o tó gbà: bí iṣẹ́ ibẹ̀ kò bá ju títẹ ìwé àti fọ́tòkọ́pì lọ, wá ibòmíràn, ìbáà jẹ́ pé ó súnmọ́ ilé. Kọ logbook (ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́) lójoojúmọ́, kí o sì gba ìfọwọ́sí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fi kíkọ rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yóò kọ ohun kan náà lójú ewé ogún, olùbẹ̀wò yóò sì mọ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá: àkòrí tó fẹ̀ jù ló ń pa á. "Ètò ìṣàkóso ilé ìwòsàn" kò ní parí. "Ètò tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán aláboyún létí ọjọ́ àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn kan" yóò parí. Rí dátà tí o máa lò kó o tó mú àkòrí lọ bá alábòójútó. Lọ́jọ́ ìgbèjà, má gbẹ́kẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn. Jẹ́ kí ètò náà lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ nìkan, kí o sì gba fídíò rẹ̀ sílẹ̀ bí iná bá lọ.

Àkàndé_tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á san án fún yín. Ìbéèrè méjì tó kù: ṣé past questions tó, àti ṣé kí n máa lo ChatGPT?

Ìyá_Kóòdù:
Past questions dáa láti mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Yanjú ti ọdún márùn-ún, pẹ̀lú aago. Ìdáhùn tí àwọn èèyàn ń pín kiri máa ń ní àṣìṣe, tẹ̀ wọ́n sí kọ̀ǹpútà kó o tó há wọn. Ẹ jọ kàwé ní mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró síwájú pátákó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni méjì ló máa sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á máa gbọ́.

ChatGPT: kọ́kọ́ kọ ti ẹ. Bó bá há fún ìdajì wákàtí, gbé kóòdù rẹ síwájú rẹ̀, kó o ní kó ṣàlàyé àṣìṣe rẹ láìkọ ọ́ fún ọ. Pa á dé, tún un kọ láti orí òfo. Ẹni tó bá ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń gba A nínú iṣẹ́ àmúrelé, kó sì jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú bírò tí kò ní ohun tí yóò kọ.

Ó yá, kó o tó sùn lálẹ́ òní. Kí ni èyí máa kọ jáde? Lórí ìwé o.

x = 1
while x < 20:
    x = x * 2 + 1
print(x)

Àkàndé_tuntun:
Mo fa tábìlì bí ẹ ṣe wí, mà. 1, 3, 7, 15. Lẹ́yìn 15, èyí tó tẹ̀ lé e ti ju 20 lọ, torí náà ó dúró. 15.

Ìyá_Kóòdù:
Tábìlì rẹ ku ìlà kan. Òkè lúùpù ni wọ́n ti ń béèrè ìbéèrè, iye tó wà nínú x lásìkò yẹn ni wọ́n sì ń wò. 15 kéré sí 20, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, x di 31. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó padà sókè, tí 31 kò jẹ́ kó wọlé mọ́. Fi ìlà yẹn kún un, kó o tún ṣe é pẹ̀lú x < 15 àti x <= 15, kó o mú ìdáhùn méjèèjì wá síbí lọ́la.